Ojú Abẹ́rẹ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Abẹ Ojú Tí Mo Ṣe fún Aránṣọ Kan

Ìyá ẹni ọdún 62 ni, aránṣọ, n'Ìbàdàn. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun náà sì ti di ọ̀gá káàkiri ìlú. Màmá ni mo máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí bí gbogbo wa ṣe ń pè é ní ilé ìwòsàn nìyẹn. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ ojú òun fún àwọn akẹgbẹ́ mi kà, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ohun tó gbé e wá kì í ṣe tuntun. Ojú méjèèjì ń rí bàìbàì, ti ọ̀tún sì burú ju ti òsì lọ. Tó bá di alẹ́, iná mọ́tò tó ń bọ̀ lókèèrè á fọ́n ká lójú rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wo iná láti ẹ̀yìn dígí tí omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀. Ojú ọ̀tún kò lè ka ju lẹ́tà gàgàrà tó wà lókè pátákó lọ, èyí tí à ń pè ní 6/60: ohun tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá á rí láti 60 mítà, àfi kó sún mọ́ ọn dé 6 mítà kó tó rí i. Ojú òsì dé 6/24 pẹ̀lú awò. Mo fi ẹ̀rọ wo inú ẹyinjú. Kataráàtì ni, lẹ́ǹsì tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi ti pọ́n bí oyin tó pẹ́ nínú ìgò. Rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn inú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ṣì dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ létí, bó ṣe máa ń rí nínú ojú tó bá gùn. Ìfúnpá inú ojú kò ga.

Ohun kan wà nínú fáìlì rẹ̀ tí mo kọ sílẹ̀ tí mi ò sì dúró lé lórí. −6.00 ni awò rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Dáyọ́pítà la fi ń wọn agbára awò àti lẹ́ǹsì, mínọ́ọ̀sì sì ni ti ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Láti kékeré ni kì í ti í rí ọ̀ọ́kán. Níléèwé, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń fi í sí kó tó lè rí ohun tí tíṣà kọ. Àmọ́ ohun tó bá ti sún mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè rí i tó o. Tó bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á ti awò sókè orí, á gbé abẹ́rẹ́ náà wá sí iwájú imú, òwú á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún ń pe ọmọ iṣẹ́ kó wá bá wọn ki òwú. Òun kò pe ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì báyìí: “−6.00 lójú méjèèjì. Aránṣọ.” Ìlà kan péré. Mi ò so ìdajì ìlà náà mọ́ ìdajì kejì.

Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ tèmi

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ mi. Ìfọ́jú ni wọ́n ní ká lọ bá jà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, 4.2% ló fọ́jú, kataráàtì ló sì fa nǹkan bí 43% nínú ìfọ́jú náà. Téèyàn bá gbọ́ irú èyí nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, iye ojú tó ṣiṣẹ́ abẹ fún lóòjọ́ ni yóò máa kà. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ nígbà yẹn náà ń tì wá lẹ́yìn: iṣẹ́ abẹ kataráàtì dára bí ojú bá lè ka 6/18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ojú 80 nínú 100 tí a ṣiṣẹ́ fún dé ibẹ̀ pẹ̀lú awò tí ẹni náà ní lọ́wọ́. Pátákó lẹ́tà tí a fi ń wọ̀n ọ́n, Herman Snellen ló ṣe é ní Utrecht ní 1862, láti 6 mítà la sì ti ń kà á. Ẹ kíyè sí i: kò sí ibì kankan nínú gbogbo ìwọ̀n yẹn tí a ti béèrè bí ojú ṣe ń rí ohun tó wà ní ọwọ́ ẹni.

Ìtàn lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí à ń fi sínú ojú dípò èyí tí a yọ náà wà níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Harold Ridley, dókítà ojú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn awakọ̀ òfurufú ológun tí ègé ike láti ara fèrèsé ọkọ̀ wọn fọ́ wọ ojú wọn. Ó rí i pé ike náà kì í bínú sí ojú, ojú náà kì í sì í bínú sí i. Ní November 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi irú ike yẹn ṣe lẹ́ǹsì, ó sì fi í sínú ojú ẹni tó ní kataráàtì. Iṣẹ́ abẹ náà jẹ́, ṣùgbọ́n agbára lẹ́ǹsì ti pọ̀ jù. Ojú ẹni náà bọ́ sí mínọ́ọ̀sì ńlá. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tí gbogbo oníṣẹ́ abẹ ojú ń bi ara wọn ni pé: báwo la ṣe máa mọ agbára lẹ́ǹsì tó bá ojú kọ̀ọ̀kan mu?

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìdáhùn wa kò gùn. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ ìwọ̀n, lẹ́ǹsì tí agbára rẹ̀ wà láàárín +20 sí +22 la ń fi sójú gbogbo èèyàn, nítorí pé òun ló bá ojú tó gùn níwọ̀ntúnwọ̀nsì mu, ìyẹn ojú tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 23.5 mílímítà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìgbà tí ẹ̀rọ A-scan dé ọ̀dọ̀ wa, ayọ̀ ńlá ni. A lè wọn gígùn ojú, a lè wọn bí awọ dígí iwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀, a ó fi méjèèjì sínú ìṣirò, lẹ́ǹsì tó yẹ á jáde. Àṣìṣe 1 mílímítà péré nínú gígùn ojú tó nǹkan bí 2.5 dáyọ́pítà nígbẹ̀yìn, nítorí náà èèyàn ní láti fara balẹ̀ bí ẹni tó ń wọn wúrà. Mo kọ́ ọ títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Òdo ni mo ń lé: kí aláìsàn má nílò awò rárá láti wo ọ̀ọ́kán. Bí ẹnì kan bá kúrò lórí tábìlì mi tó sì bọ́ sórí òdo gan-an, inú mi á dùn títí di alẹ́.

Ojú ọ̀tún

Gígùn ojú ọ̀tún Màmá jẹ́ 26.6 mílímítà. Ojú tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ló ń fa −6.00. Ìṣirò mú lẹ́ǹsì +12.50 jáde fún òdo. Ihò kékeré ni mo gbà yọ kataráàtì náà, mi ò rán an, mo ti lẹ́ǹsì àtọwọ́dá wọ inú àpò tí lẹ́ǹsì àdánidá ti wà, gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Nígbà tí a tú ojú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo aago ara ògiri, ó sì ka aago jáde. Ó wo àyà nọ́ọ̀sì wa, ó pe orúkọ tó wà lára báàjì rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun kò rí ewé orí igi rí láìjẹ́ pé awò wà lójú òun. 6/9 láìsí awò. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, mo sì fà á nílà lábẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ó wọlé, ó kí wa dáadáa, ó jókòó. Mo ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo ti ń múra àtigba ìyìn.

“Dókítà, mo mọ̀ pé ẹ ṣe dáadáa. Mo ń rí ojú yín, mo ń rí igi tó wà níta yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí.”

Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ ní àyà bùbá rẹ̀, níbi tí àwọn aránṣọ máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Òwú dúdú kékeré kan so mọ́ ìka rẹ̀. Ó ti awò àtijọ́ rẹ̀ sókè orí bó ṣe máa ń ṣe, ó pa ojú òsì dé, ó tọ́ òwú lá, ó gbé abẹ́rẹ́ wá sí iwájú imú. Òwú náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Ó tún un ṣe, ó kọjá lápá kejì. Ó na ọwọ́ jìnnà, ó fà á sún mọ́ ara, ó tún na án. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà lé orí tábìlì mi, òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀ bá kúkú béèrè lọ́wọ́ mi,” ó ní. “Ọ̀ọ́kán tí ẹ fún mi yìí dára. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀ọ́kán ni mo ti ń ránṣọ ni?”

Mi ò ní èsì. Títí di òní, gbólóhùn yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Mo yẹ ojú rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀tún kò tilẹ̀ dúró lórí òdo tí mo wọ̀n. Ó wà ní +0.75. Ohun tó fà á nìyí: ìṣirò tí mo lò jẹ́ ti àtijọ́, irú rẹ̀ sì máa ń yan lẹ́ǹsì tí agbára rẹ̀ kéré díẹ̀ fún ojú tó bá gùn ju 26 mílímítà lọ. Ojú náà á wá ré òdo kọjá, á bọ́ sí apá pọ́ọ̀sì, níbi tí ohun tó sún mọ́ni ti máa ń ṣòro rí jù lọ. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá kò sì lè fẹ̀ tàbí sún bíi lẹ́ǹsì àdánidá. Ibi tó bá wo náà ló máa wò.

Ojú òsì ti bọ́ sí −7.50, nítorí pé kataráàtì tó ń le lọ máa ń ti ojú sí mínọ́ọ̀sì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú méjèèjì ti lé ní dáyọ́pítà mẹ́jọ. Kò sí awò tó lè tún irú èyí ṣe: bí a bá fún ojú kọ̀ọ̀kan ní dígí tó yẹ ẹ́, ohun tí ojú kan rí á tóbi ju ti èkejì lọ, ọpọlọ kò sì ní lè pa méjèèjì pọ̀. Orí fífọ́ tó ń bá Màmá fínra láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ ló ti wá.

Ohun tí a gbìyànjú

Awò ìkàwé ni mo kọ́kọ́ fún un, +3.25 sójú ọ̀tún, kó lè máa rí ohun tó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà. Ó ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn. Ó ka ìwé ìròyìn fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, mo rí i pé ó ti gé ègé áńkárá kékeré kan, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn dígí òsì, kí ojú òsì má bàa máa dí ti ọ̀tún lọ́wọ́. Etí áńkárá náà gún régé, ó ti ṣẹ́ ẹ létí kó má bàa ya. Mo wò ó, ọkàn mi bàjẹ́. Èèyàn tó ní ojú méjì tó ń fi aṣọ bo ọ̀kan kó tó lè ṣiṣẹ́ jẹun, tí èmi sì ti kọ “àṣeyọrí” sínú fáìlì rẹ̀.

Ó ní iṣẹ́ kò ṣeé ṣe pẹ̀lú awò náà. Òógùn ń mú un yọ̀ bọ́ lójú. Tó bá gbójú sókè wo oníbàárà, ojú oníbàárà á ṣú. Tó bá dìde lọ sídìí tábìlì ìgéṣọ, ó ti jìnnà ju ibi tí awò náà ń rí lọ, á ní láti yọ ọ́, á gbàgbé ibi tó gbé e sí.

Akẹgbẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ lẹ́ǹsì náà, kí n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí àpò tó wà nínú rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn gidi ni, iṣẹ́ abẹ tí à ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n nínú ojú tó gùn, tí rẹ́tínà rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí àpò bá ya nígbà tí mo ń fa lẹ́ǹsì jáde, rẹ́tínà lè ká kúrò láyè rẹ̀, gbogbo ìríran á lọ. Síbẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ẹ̀bi ló ń tì mí. Mo fẹ́ kí ohun tí mo ṣe pa rẹ́ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́ǹsì tó ń rí ọ̀ọ́kán tó sì ń rí ìtòsí pa pọ̀ kò bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Owó rẹ̀ ga, ó máa ń fa òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná ká lóru, irú rẹ̀ kò sì sí lójú ọ̀tún. Ti iṣẹ́ laser lára awọ iwájú ojú, mi ò dúró lé e lórí.

Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ka gbogbo nọ́ńbà fún wọn: gígùn, ìtẹ̀, agbára lẹ́ǹsì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ṣé o ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?”

Mo ní rárá, sà.

“Lọ. Mú tépù dání.”

Ṣọ́ọ̀bù

Mi ò tilẹ̀ nílò tépù tèmi. Ti Màmá wà lọ́rùn rẹ̀. Yàrá kan ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ títì, máṣìnì mẹ́ta, tábìlì ìgéṣọ gígùn kan, dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Máṣìnì tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré jù. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní níbẹ̀ lòun ti ń rí gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́, òun kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ nígbà yẹn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo ní kó ṣe iṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é láyé àtijọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan di etí tépù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, èmi fa etí kejì. Kíki òwú: 17 sẹ̀ǹtímítà. Fífi ọwọ́ ká etí aṣọ: 25. Ẹnu abẹ́rẹ́ máṣìnì: 42. Tábìlì ìgéṣọ, lórí ìdúró: 65.

Àwọn nọ́ńbà yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀rọ mi lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi mínọ́ọ̀sì ojú pín 100, iye sẹ̀ǹtímítà tí ojú náà ti ń rí kedere láìsí awò ló máa jáde. Ojú −6.00 ń rí kedere ní 17 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tí Màmá ti ń ki òwú gan-an nìyẹn, láìyẹ̀. Ogójì ọdún ni ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà, tí èmi sì gbé ojú náà kúrò níbẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí.

Mo wá bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo lẹ ń ṣe pẹ́ jù lóòjọ́? Ó rò ó. Ó ní máṣìnì ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lè gé aṣọ, wọ́n lè ká etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn àti apá aṣọ, òun fúnra òun ló ń rán wọn. Mo ní ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó dákẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni òun fi ń mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ara òun.

Ojú òsì

Ọ̀nà wá là. Ojú òsì kò tíì rí abẹ. Dípò kí n lé e lọ sórí òdo, mo lè fi í sílẹ̀ ní mínọ́ọ̀sì díẹ̀, kí ọ̀tún máa wo ọ̀nà, kí òsì máa wo iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbé pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀; ọpọlọ á kọ́ bó ṣe máa tẹ̀ lé èyí tó bá rí ohun náà kedere. Kì í ṣe gbogbo èèyàn, ìdí nìyí tí a fi ní láti dán an wò.

Mo kọ́kọ́ wo ojú tó jẹ́ aṣáájú, ìyẹn èyí tí ọpọlọ ń gbára lé jù. Mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò, kó wo ilẹ̀kùn láti inú rẹ̀, mo sì ń pa ojú kọ̀ọ̀kan dé. Ọ̀tún ló jẹ́ aṣáájú. Ó bọ́ sí i, nítorí ojú aṣáájú la sábà máa ń fún ní ọ̀ọ́kán. Mi ò dán an wò kí n tó ṣiṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ó kàn bọ́ sí i ni.

Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì wa fi lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi lé ojú, agbára −4.50, sójú òsì rẹ̀. Ìyẹn sọ ojú náà di nǹkan bíi −2.50. Ìdí tí a kò fi lo awò fún ìdánwò náà ni pé lẹ́ǹsì tó lẹ̀ mọ́ ojú kì í yí títóbi ohun tí à ń wò padà tó bí awò ṣe ń yí i. Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣe é: nọ́ọ̀sì á fi í sí i láàárọ̀, á yọ ọ́ nírọ̀lẹ́, nítorí eruku ṣọ́ọ̀bù àti ìmọ́tótó. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní àtẹ̀gùn ń gbé òun sókè sódò. Lọ́jọ́ kẹta kò sọ ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ó rán ọrùn bùbá kan parí, ó sì gbé e wá kí n rí i. Pẹ̀lú kataráàtì tó ṣì wà lójú náà o.

Ìwé sọ pé −1.50 rọrùn fún ọpọlọ láti gbà ju −2.50 lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n −1.50 á fún un ní 67 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn tábìlì ìgéṣọ, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dúró sí. Òun fẹ́ −4.00, nítorí abẹ́rẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín ojú méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dáyọ́pítà márùn-ún, orí fífọ́ á padà. A jọ fẹnu kò sórí −2.50.

Mo lo ìṣirò Barrett lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó dára jù fún ojú gígùn. Mo tún fi àṣìṣe ojú àkọ́kọ́ sínú rẹ̀: bí ojú ọ̀tún bá ti yẹ̀ ní 0.75, àṣà wa ni láti fi nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tún ti ojú kejì ṣe, nítorí ojú méjì ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lẹ́ǹsì +17.00 ni mo fi sí i. Nígbà tí ojú jinná tán, ó wà ní −2.25.

Ojú méjèèjì pa pọ̀, 6/9 lọ́ọ̀ọ́kán láìsí awò. Ó ń rí ẹnu abẹ́rẹ́ máṣìnì kedere. A gbé máṣìnì rẹ̀ kúrò ní kọ̀rọ̀, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ máa wọlé láti apá òsì, nítorí pé ojú tí ìmọ́lẹ̀ bá tó máa ń rí jìnnà díẹ̀ sí i ní iwájú àti ní ẹ̀yìn ibi tó ti ń rí kedere. Fún kíká etí aṣọ, ó ní awò +1.50 kékeré kan tó ń fi okùn gbé kọ́rùn pẹ̀lú tépù. Ti abẹ́rẹ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ńlá, lójú oòrùn, ó ń ki òwú bọ̀ ọ́ láìsí awò, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣì ń béèrè awò. Mi ò lè dá 17 sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ padà fún un. Ó mọ̀, mo sì sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara mi.

Sí ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí

Ohun kan ń dá mi lóró nínú ọ̀ràn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé Màmá bọ́ sọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí a kò tíì ní ẹ̀rọ, +21 ni ǹ bá fi sójú rẹ̀ bí mo ṣe ń fi sójú gbogbo ayé. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Lẹ́ǹsì yẹn ì bá lágbára ju +12.50 tí mo fi sí i lọ ní 8.50, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi dáyọ́pítà mẹ́fà nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ awò; dípò +0.75, ojú náà ì bá wà ní nǹkan bíi −5.25. Kataráàtì á ti lọ, ojú rẹ̀ á sì wà nítòsí ibi tó ti wà láti kékeré. Á wọ awò tó wọ́pọ̀ mọ́ ọn lára láti wo títì, á tì í sókè orí láti ki òwú. Àìmọ̀ wa ì bá ti dá a sí. Ìmọ̀ tí mo ní, tí kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀, ló gba ohun tó ń fi ṣayọ̀. Mi ò sọ pé ká padà sí ayé àìnẹ́rọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni +21 yẹn bà lójú jẹ́. Mo ń sọ pé ẹ̀rọ wa ń dáhùn “báwo la ṣe máa dé ibẹ̀”, aláìsàn nìkan ló sì mọ “níbo”.

Ẹni tó bá ti jẹ́ mínọ́ọ̀sì láti kékeré kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Ó ti fi ojú yẹn kọ́ṣẹ́, ó fi ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Kí ẹ tó gba ìtòsí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gbà á, kó sì gbọ́ ọ yé, nítorí ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí ọ̀ọ́kán bá dé, ìtòsí á ṣì wà níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àṣìṣe ti wọ ojú kìíní, ẹ má kánjú yọ lẹ́ǹsì. Ojú kejì ṣì wà, ohun tí ojú kìíní bá fi hàn yín sì ṣeyebíye ju ìwọ̀n ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Fáìlì wa ti yí padà. Lókè, kí ẹnikẹ́ni tó kan ẹ̀rọ, a ń kọ ohun tí ẹni náà ń fi ọwọ́ ṣe, wákàtí mélòó lóòjọ́, àti bó ṣe jìnnà sí ojú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Tépù aránṣọ ló wà lórí tábìlì mi. Màmá ló mú un wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá awakọ̀ kan wọlé, −4.00 lójú méjèèjì, kataráàtì ti ń dì. Ó ní ọ̀ọ́kán lòun fẹ́, òun kì í kàwé, mọ́tò lòun ń wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ òdo sílẹ̀. Mo wá bi í pé, “Bàbá, tí ẹ bá bọ́ awò lálẹ́, kí lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó sùn?” Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ka Kùránì díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, láìsí awò, látìgbà tóun wà ní ilé kéwú. Mo fún un ní ìwé kan, mo ní kó gbé e bó ṣe máa ń gbé Kùránì rẹ̀. A na tépù: 25 sẹ̀ǹtímítà. Mo sọ ohun tí òdo máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó máa fún un. Ó wo tépù náà, ó wò mí, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kóun lọ rò ó.